Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó páàkì ajá yìí dáadáa

Látọjọ́ tí mo ti sọ pé mo wà nínú kọmitíì tó ń wá owó páàkì ajá, ìyẹn ibi tí wọ́n fi fẹ́ǹsì yí ká tájá ti lè sáré láìsí okùn, ládùúgbò wa ni ìbéèrè ò ti jẹ́ kí WhatsApp mi sinmi. Kí ló kan ọmọ Yorùbá kan páàkì ajá? Ṣé owó ti wá pọ̀ lọ́wọ́ yín ní Chicago débi pé ajá lẹ fẹ́ máa kọ́ pápá fún ni? Mi ò bínú sẹ́nikẹ́ni tó béèrè o, torí níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà, ẹ̀yìnkùlé lajá ń gbé, àjẹkù là ń dà fún un, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbó lóru tólè bá ń bọ̀, ilé tí wọ́n bá sì ti ń bọ Ògún, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fajá ṣe níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fokùn mú ajá rìn kiri àdúgbò. Àmọ́ ẹ wo ibi tí mò ń gbé báyìí ná, Rogers Park ni, òkè àríwá Chicago pátápátá, ilé alájà mẹ́ta ló tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fúláàtì lórí fúláàtì, ọ̀pọ̀ ò ní ẹ̀yìnkùlé rárá, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jáde láàárọ̀, èèyàn tó ń fa ajá lọ lẹ ó máa pàdé lọ́tùn-ún lósì. Ajá yẹn gbọ́dọ̀ sáré. Tí ò bá ríbi sáré, á máa gbó mọ́ gbogbo ilé, á máa jẹ bàtà, á máa jẹ ẹsẹ̀ àga, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa pe láńlọ́ọ̀dù.

Ibi tó wà fún un láti sáré ni páàkì gbogboogbò, ibẹ̀ náà sì làwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ làwọn àgbà ti ń rìn kí ṣúgà wọn lè wálẹ̀. Òfin ní ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn kan á wo ọ̀tún wo òsì wọ́n á tú u sílẹ̀, ajá á fò mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìyá ọmọ á pariwo, ẹni tó lajá á ní “kì í ṣe nǹkan kan”, ìjà dé nìyẹn. Èmi ò rí páàkì ajá bí ẹ̀bùn tá a fẹ́ fún ajá. Mo rí i bí ọ̀nà tẹ́ni tó lajá àtẹni tó ń sá fájá á fi lè jọ lo ilẹ̀ kan náà láìbú ara wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó ń sá fájá gan-an ló yẹ kó wà níwájú nínú mítìn, látìgbà tí wọ́n bá ti ń ya àwòrán ilẹ̀, kí kọ́bọ̀ kankan tó wọlé.

Nǹkan yìí ò sì tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní Berkeley ní California, wọ́n wó ilé tó pọ̀ kí wọ́n lè gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin BART gba abẹ́ ilẹ̀, nígbà tí wọ́n parí, ilẹ̀ òfìfo ló kù lókè, àwọn aráàdúgbò sọ ọ́ di páàkì, Ohlone Park lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún 1979 wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fájá, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ dán an wò ni, ọdún 1983 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kó dúró. Òun lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé wọn ò dúró de owó ńlá, wọ́n dán an wò fọ́dún mẹ́rin, àwọn tó ń bẹ̀rù rí i pé ayé ò bàjẹ́. Àwọn ará New York lọ síwájú jùyẹn pàápàá, lọ́pọ̀ páàkì wọn, láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí i láàárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, àti láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí wọ́n á fi tì í, wọ́n gbà kẹ́ ẹ tú ajá sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá yàn. Kò sí fẹ́ǹsì, kò sí géètì, ká sọ pé kò náni ní nǹkan kan. Ẹnì kan gbé àbá yìí wá sí mítìn wa, gbogbo èèyàn sì ń mi orí, àfi Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló mú wọn wá síbí. Gbogbo àárọ̀ tí ò bá sí yìnyín nílẹ̀ ni wọ́n máa ń rìn yí páàkì náà po, dókítà ló pa á láṣẹ fún wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù ajá débi pé tí wọ́n bá rí kékeré tó dà bí ológbò pàápàá, wọ́n á kọjá sódìkejì títì. Èmi ni mo lọ bá wọn nílé pé kí wọ́n bá wa wá sí mítìn. Wọ́n ní, “Ìyá Dámi, èmi? Mítìn ajá? Kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ níbẹ̀?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ̀yin gan-an la nílò, ẹ má fi mí sílẹ̀ o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí n wá mú wọn.

Bí wọ́n ṣe wọlé tàwọn ti gèlè àti ọ̀pá, àwòrán ilẹ̀ náà wà lórí tábìlì gbọ̀ngàn páàkì, wọ́n fi pẹ́ńsù pupa ya fẹ́ǹsì sí i, géètì sì wà lápá ìlà oòrùn, ó kọjú tààrà sójú ọ̀nà táwọn èèyàn máa ń rìn. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ aago mẹ́sàn-án ti New York yẹn, Màmá ní kí n bá àwọn sọ fún wọn pé aago mẹ́fà àbọ̀ làwọn máa ń jáde, pé tó bá jẹ́ àsìkò yẹn ni wọ́n fẹ́ tú ajá sílẹ̀, kí wọ́n kúkú sọ fáwọn pé káwọn máa jókòó sílé. Gbogbo yàrá dákẹ́. Wọ́n wá gbé orí ọ̀pá wọn lé géètì inú àwòrán yẹn, wọ́n ní, “Ibí yìí ni mo máa ń gbà. Tí wọ́n bá ṣí i báyìí, ojú mi lajá á kọ́kọ́ bá.” Mo túmọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọkùnrin tó ń bá wa ya àwòrán ò jiyàn, ó mú írésà, ó pa géètì yẹn rẹ́, ó gbé e lọ sápá ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò. Ẹ ò ní gbà gbọ́, owó tún dín kù sí i, torí òfin ní ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó le dáadáa tí kì í yọ̀ dé géètì, ibi ìpáàkì yẹn sì súnmọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Àti pé látọjọ́ yẹn ni Màmá ò ti pa mítìn jẹ.

Ó yá, owó. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń rò ni pé fẹ́ǹsì lowó. American Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ajá ní Amẹ́ríkà, gbani nímọ̀ràn pé kí ilẹ̀ tó éékà kan, kí fẹ́ǹsì ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà, kí géètì jẹ́ méjì tó tẹ̀léra, kẹ́ ẹ wọ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ tó ṣí ìkejì, kájá má baà já gbà yín lọ́wọ́ jáde sí títì, kí ibì kan sì wà lọ́tọ̀ fáwọn ajá kéékèèké. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43,560 níbùú lóròó. Tó bá rí bákan náà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, fẹ́ǹsì tó máa yí i ká á tó ẹsẹ̀ bàtà 835. Ká ní ẹni tó fẹ́ ṣe é pe ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 40, dọ́là 33,400 nìyẹn. Àwọn kan máa ní ẹ jẹ́ ká gé ilẹ̀ sí méjì kówó náà lè di ìdajì. Kò ní di ìdajì! Ìdajì éékà ń fẹ́ fẹ́ǹsì tó tó ẹsẹ̀ bàtà 590, dọ́là 23,600 ni iye tẹ́ ẹ máa san, ẹ ti pàdánù ìdajì ilẹ̀ àmọ́ owó tó kù lọ́wọ́ yín ò tó ìdámẹ́ta. Ẹ ṣe ìṣirò yìí níwájú gbogbo èèyàn kẹ́ ẹ tó gbà kẹ́nikẹ́ni dín ilẹ̀ yín kù.

Ibi tówó ti ń pọ̀ gan-an, abẹ́ ẹsẹ̀ ni. Koríko ò lè dúró níbi tí ajá ti ń sáré tí wọ́n sì ń tọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí ó ti di ẹrẹ̀, ilẹ̀ Chicago sì jẹ́ amọ̀ tó máa ń mu omi dúró. Omi tó dúró yẹn léwu o, àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní leptospirosis, inú ìtọ̀ ẹranko ló ti ń wá, ó máa ń wà nínú omi adágún àti ilẹ̀ tútù, ó sì lè ran èèyàn náà. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí Chicago fi fẹ́ kí ajá tó bá máa wọ páàkì ajá ìlú gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gba páálí àti àmì tá a máa so mọ́ ọn lọ́rùn. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ nìkan ò tó, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fa omi, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ ri páìpù oníhò síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Tó bá jẹ́ ìdajì éékà lẹ fẹ́ dà á sí, kó nípọn tó íǹṣì mẹ́fà, ẹ máa nílò nǹkan bíi 400 kúbíìkì yáàdì. Típà lórí típà ni. Ẹni tó bá ń wo fẹ́ǹsì nìkan ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé owó.

Omi mímu ajá náà ńkọ́? Ẹ máa ní ẹ ṣá fa ẹ̀rọ kan síbẹ̀. Ní Chicago, òtútù máa ń wọlẹ̀ débi pé páìpù omi gbọ́dọ̀ jìn ju íǹṣì 42 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dì, á sì bẹ́. Gbogbo ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín ibi tí omi wà àti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí, ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ jìn bẹ́ẹ̀, pílọ́mbà tó ní láísẹ́ǹsì ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Torí náà ẹ béèrè ibi tí páìpù wà kẹ́ ẹ tó yan igun tẹ́ ẹ fẹ́. Igun tó lẹ́wà jù lábẹ́ igi lè jẹ́ igun tó máa kó gbogbo owó yín jẹ.

Níbo lowó ti wá ń wá? Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ jẹ́ àlejò ní Amẹ́ríkà bíi tèmi tẹ́tí. Wọ́ọ̀dù 50 ló wà ní Chicago, kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan, alderman ni wọ́n ń pè é, ló ní owó iṣẹ́ òde tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ lọ́dọọdún, ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Lọ́dún 2009, Joe Moore tó jẹ́ alderman Wọ́ọ̀dù 49, ìyẹn Rogers Park wa níbí, ní òun á jẹ́ káwọn aráàdúgbò fúnra wọn dìbò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fowó náà ṣe. Kò tíì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, Porto Alegre ní Brazil ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe ẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2010, àwọn tó jáde lé ní 1,600, nínú ohun tí wọ́n sì yàn, yàtọ̀ sí títún ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe àti àwọn iṣẹ́ mìíràn, páàkì ajá wà níbẹ̀, òun ló wà ní Pottawattomie Park dòní. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé nígbà yẹn, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó sì ń gbé wọ́ọ̀dù náà lè dìbò, wọn ò bi ẹ́ bóyá o ti di ọmọ onílùú, wọn ò bi ẹ́ bóyá o ní káàdì ìbò. Maria Hadden, tó wà lára àwọn aráàdúgbò tó bá wọn ṣe é nígbà àkọ́kọ́ yẹn, òun ló padà wá dupò ní 2019 tó sì borí Joe Moore fúnra ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ nínú mítìn ojú ọ̀nà àti páàkì ajá ò kéré.

Èyí náà ni mo máa fi dá àwọn tó ní kí ló dé tá ò fowó yẹn ran àwọn ọmọ ilé ìwé nílé lọ́wọ́ lóhùn. Owó wọ́ọ̀dù yẹn, ohun tó ṣeé fojú rí, tó sì máa pẹ́ nílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, ni wọ́n là á kalẹ̀ fún: títì, iná, páàkì. Tá ò bá lọ dìbò sí i, títì mìíràn ni wọ́n máa fi ṣe, kò sí bó ṣe máa dé Iléṣà. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé, àpò mi ló ti ń jáde, kò sì tíì dín.

Yàtọ̀ sówó ìjọba, àwọn ilé iṣẹ́ àti ọlọ́rẹ wà. Ní Tennessee, àjọ Boyd Foundation, ti Randy Boyd tó dá PetSafe, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan ìlò ajá, sílẹ̀, kó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là kalẹ̀ fún páàkì ajá káàkiri ìpínlẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì rí dọ́là 25,000 gbà. Àwa tá ò sí ní Tennessee ò lè rí i gbà, àmọ́ ẹ fi iye yẹn wé ìṣirò òkè yẹn, ẹ máa rí i pé gránǹtì tó tóbi bẹ́ẹ̀ kàn lè ṣe fẹ́ǹsì ìdajì éékà tán ni, òkúta àti omi ṣì wà nílẹ̀. Àwa ń ta búríkì, ẹni tó bá fẹ́ á sanwó ká fín orúkọ ajá ẹ̀ sí i, a máa tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn dókítà ẹranko àdúgbò dá tiwọn. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kórúkọ òun wà níbẹ̀, mo fara mọ́ ọn pé kó wà lára bẹ́ǹṣì, mi ò fara mọ́ ọn pé kó wà lórí géètì, torí ilẹ̀ gbogbo èèyàn ni. Owó náà ò sì gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo láé, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tó máa bá yín gbà á, káwọn tó dáwó lè fi yọ táàsì, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí ìwé kówó tó jáde, kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo rìsíìtì síbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí mọ ìdí tí mo fi ń pariwo lórí èyí.

Ohun tó wá ń dùn mí lọ́kàn jù, owó ìtọ́jú ni. Gbogbo èèyàn ló ń dáwó kí wọ́n tó ṣíṣọ lójú ẹ̀, fọ́tò á kún Facebook, tó bá wá di wíntà kejì ẹ ò ní rẹ́nì kan. Ó dà bí èsúsú tí àwọn tó ti kó tiwọn ò fẹ́ dá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ wà: òkúta wẹ́wẹ́ ti fọ́n ká, ẹ gbọ́dọ̀ ra kún un, ìdè géètì ti kán, yìnyín ti dí àárín géètì méjèèjì débi pé wọn ò lè tì mọ́, àwọn kan á wá fi sílẹ̀ gbayawu, ajá á jáde, ẹni tájá náà á sì kọ́kọ́ pàdé ni Màmá. Ọ̀rá ìkógbẹ́ ń tán lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti sọ ọ́ nínú mítìn, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí, pé a ò gbọ́dọ̀ ṣí páàkì yìí tí owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta ò bá tíì wà ní bánkì. Àwọn kan ní mò ń fà á sẹ́yìn. Kó falẹ̀ díẹ̀ sàn ju kí wọ́n tì í pa lẹ́yìn ọdún kan lọ, torí tí wọ́n bá tì í, kò sí kánsẹ́lọ̀ tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ páàkì ajá ládùúgbò yìí mọ́.

Ibi tá a bá a dé báyìí: àwòrán ilẹ̀ ti gún, àwọn tó ń gbé yí páàkì náà ká ti fọwọ́ síwèé, owó fẹ́ǹsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Owó páìpù omi ló kù, pẹ̀lú owó ìtọ́jú yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Rogers Park, Edgewater àti Uptown, ẹ kọ̀wé sí mi kí n fi ọjọ́ mítìn ránṣẹ́ sí yín. Tẹ́ ẹ bá lajá, ẹ fi sílé lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ mú òbí yín tàbí ọmọ yín tó ń bẹ̀rù ajá dání wá, torí a ò tíì mọ ibi tá a máa gbé bẹ́ǹṣì sí níta fẹ́ǹsì, àwọn la sì fẹ́ kó yàn án. Dámi á wà níbẹ̀ láti bá àwọn àgbà túmọ̀.